Wọn kì í gbowó lẹ́nu géètì, síbẹ̀ owó ń wọlé: Ohun tó yẹ kí ará Fìdítì mọ̀ kó tó lọ sí Felabration l'Ékòó

Tó bá ti di oṣù kẹwàá ọdún, agbègbè Agídìńgbì, n'Íkẹjà, nílùú Èkó, kì í sùn mọ́. Àsìkò náà ni wọ́n máa ń ṣe Felabration, ìyẹn àjọ̀dún orin tí Yẹni Aníkúlápó-Kútì dá sílẹ̀ lọ́dún 1998 láti fi ṣèrántí bàbá rẹ̀, Fẹlá, olórin Afrobeat tó jáde láyé lọ́jọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 1997. Ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ ìbí Fẹlá máa ń bọ́ sí ni wọ́n máa ń mú, nítorí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1938 ni wọ́n bí i l'Ábẹ́òkúta.

Oṣù kẹwàá yìí kan náà ni ọsàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lórí àtẹ lẹ́bàá títì ní Fìdítì. Lójú ẹlòmíì, kò sí ohun tó kan ọsàn kan orin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣòwò mọ̀ pé ibi tí èrò bá pọ̀ sí lọjà wà. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa tó ń lọ wo olórin l'Ékòó ń pọ̀ sí i, àwọn kan fẹ́ lọ tajà níbẹ̀, àwọn onílù àti olórin tó wà láàárín wa náà sì ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dé orí ìtàgé ńlá. Ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni owó ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́ bí wọn ò bá mọ bí ètò ọ̀hún ṣe rí. Ìdí nìyí tí a fi ní ká tú u palẹ̀ fún yín lójú ìwé òwò tòní.

Ibùdó kan kọ́, ibùdó púpọ̀ ni

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé irú àjọ̀dún báyìí kì í ṣe òde àríyá tí ẹgbẹ́ olórin kan ṣoṣo máa ń lù mọ́jú. Ẹgbẹ́ olórin púpọ̀ ló ń ṣeré, ó sì lè má jẹ́ ibì kan náà. Ní ti Felabration, New Afrika Shrine tí àwọn ọmọ Fẹlá ṣí lọ́dún 2000 ni ojúkò ètò. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣe àpérò àti ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà níbòmíì, wọ́n máa ń rìn yíká àdúgbò pẹ̀lú ìlù àti ijó, eré orin sì ti wáyé ní Freedom Park tó wà ní Broad Street, l'Ẹ́kòó Ìsàlẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n làwọn Òyìnbó fi ibẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ lọ́dún 2010. Kódà, àwọn olólùfẹ́ Fẹlá ti máa ń ṣe Felabration tiwọn ní London àti Amsterdam.

Ètò báyìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ṣe FESTAC láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìn-ín-ní, sí ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 1977, àwọn tó wá kópa lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún (16,000). Wọ́n ṣeré ní National Theatre n'Íganmú, tí wọ́n ti sọ lórúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká báyìí, wọ́n ṣe é ní gbàgede Tafawa Balewa, wọ́n sì gun ẹṣin ti Durbar ní Kàdúná. Fẹlá kọ̀, kò bá wọn kópa níbẹ̀. Inú Shrine tirẹ̀ ló ti ń lù ní tiẹ̀, àwọn olórin ilẹ̀ òkèèrè tó bá FESTAC wá sì ń lọ wò ó níbẹ̀ lálaalẹ́. Ẹ̀kọ́ òwò wà nínú ìyẹn: bí àlejò bá ti kún ìlú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé ètò pàápàá lè rí oníbàárà.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe One Lagos Fiesta ní ìparí ọdún 2016, wọ́n sì pín orin ká Ìkòròdú, Badagry, Ìkẹjà, Èkó Ìsàlẹ̀ àti Ẹ̀pẹ́ kí ará Ẹ̀pẹ́ má baà wọkọ̀ dé Ìkẹjà kó tó gbádùn. Ní Amẹ́ríkà, àjọ̀dún South by Southwest tó bẹ̀rẹ̀ nílùú Austin lọ́dún 1987 máa ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìgbafẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀, okùn kan ni wọ́n máa ń so mọ́ èèyàn lọ́wọ́, okùn yẹn ló sì máa fi wọ gbogbo ibùdó.

Ta ló wá ń sanwó?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹnu ọ̀nà gbogbogbò ní Felabration ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi wá ni pé, bí wọn ò bá gbowó lẹ́nu géètì, báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó olórin, iná àti àwọn ẹ̀ṣọ́?

Ìdáhùn rẹ̀ ò le. Èrò gan-an lọjà tí wọ́n ń tà. Ilé iṣẹ́ ọtí, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti àwọn báńkì ń wá ibi tí ọ̀dọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pé jọ sí. Dípò kí wọ́n náwó sórí pátákó lẹ́bàá títì nìkan, wọ́n á ṣe onígbọ̀wọ́ fún àjọ̀dún, wọ́n á gbé orúkọ wọn sára ìtàgé, wọ́n á sì máa ta ọjà wọn níbẹ̀. Bí géètì bá jẹ́ ọ̀fẹ́, èrò á pọ̀. Bí èrò bá pọ̀, onígbọ̀wọ́ á mú owó gidi wá. Ọ̀nà kejì ni ọtí àti oúnjẹ tó ń tà nínú ọgbà. Ọ̀nà kẹta ni ààyè táwọn oníṣòwò ń háyà. Ẹ̀kẹrin ni àyè pàtàkì fáwọn tó lówó lọ́wọ́, tí wọn ò fẹ́ dúró láàárín èrò.

Ìnáwó ibẹ̀ náà ò kéré. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn, iná ìtàgé, ẹ̀ṣọ́, àwọn agbálẹ̀, àti jẹnẹrétọ̀ tó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, ọdún 2023, nǹkan yí padà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo tí à ń rà ní bíi ₦190 lórí lítà kan fò kọjá ₦480, ó sì tún gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Owó ọkọ̀ táwọn olórin ń wọ̀ gòkè, owó epo jẹnẹrétọ̀ gòkè, owó oúnjẹ gòkè. Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé ẹnì kan ló ń sanwó yẹn, ó sì máa fẹ́ rí i gbà padà lára ọtí àti ẹran tẹ́ ẹ máa rà.

Ọdún 2020 fi hàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí èrò pé jọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe Felabration. Èèyàn lè fi fóònù wo orin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi fóònù ra súyà. Orin lọ bó ṣe yẹ kó lọ, àwọn tó ń tajà lẹ́yìn géètì ni wọn ò rí nǹkan kan tà.

Ẹni tó fẹ́ lọ wòran: ẹ kọ́kọ́ ṣírò

Ẹni tó bá ń ti Fìdítì lọ ní àǹfààní kan táwọn èèyàn ò tíì kà sí. Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, ọdún 2021 ni ìjọba ṣí ojú irin tuntun tó wà láàárín Ìbàdàn àti Èkó. Mọ́níyà, lọ́nà Ọ̀yọ́ tiwa níbí, ni ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ wà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Fìdítì lè bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́níyà láìwọ àárín ìgboro Ìbàdàn, kó wọ ọkọ̀ ojú irin, kó sì sọ̀ ní Agége. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí ọkọ̀ ojú irin ìjọba Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Red Line, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, èèyàn tún lè gba Agége dé Ìkẹjà láìwọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ ṣáà wádìí àsìkò tí ọkọ̀ ń gbéra kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, pàápàá tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀.

Ibi tí ìṣòro wà ni àbọ̀. Orin Shrine kì í tètè bẹ̀rẹ̀. Àwọn olórin tí orúkọ wọn tóbi jù lè má gun ìtàgé títí ilẹ̀ fi ṣú dáadáa, ilẹ̀ sì lè mọ́ bá wọn lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kì í rìn lóru. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fẹ́ wò ó tán gbọ́dọ̀ ní ilé mọ̀lẹ́bí tó máa sùn sí, tàbí kó fi owó hòtẹ́ẹ̀lì kún ìnáwó rẹ̀, tàbí kó fìdí mọ́ ibẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òru Èkó kọ́ ni ẹni tí kò mọ̀nà máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọkọ̀.

Ìmọ̀ràn wa kejì ni pé kẹ́ ẹ má sá káàkiri. Bí ẹgbẹ́ olórin kan bá ń lù n'Íkẹjà, tí òmíràn ń lù ní Freedom Park, ẹ mú ọ̀kan. Láàárín méjèèjì, afárá Third Mainland ńkọ́? Èèyàn lè lo wákàtí méjì nínú ọkọ̀, kó má rí orin ibí, kó má rí ti ọ̀hún. Ẹni tó bá fẹ́ wo ibùdó méjèèjì, kó ya ọjọ́ wọn sọ́tọ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹ lè fi ọ̀sán wo Kalakuta Museum ní Gbẹ́misọ́lá, n'Íkẹjà, ìyẹn ilé tí Fẹlá gbé kó tó kú, tí wọ́n sọ di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 2012, kẹ́ ẹ sì fi alẹ́ lọ sí Shrine. Ibi méjèèjì ò jìnnà síra wọn.

Ìkẹta, ẹ pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́rin kẹ́ ẹ tó kúrò nílé: owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, owó oorun, owó jíjẹ mímu, àti owó pàjáwìrì. Ẹ má kó owó àbọ̀ sínú àpò kan náà pẹ̀lú owó ọtí. Àwọn tó ń fẹ̀gbẹ́ gbá ẹ̀gbẹ́ nínú èrò pọ̀, fóònù sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò.

Ẹni tó fẹ́ lọ tajà: ìṣirò ọlọ́sàn

Ká wá sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta èso. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ẹ̀yin náà á fi iye tó wà lọ́jà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ rọ́pò tiwa.

Ká ní ẹnì kan ra ẹgbẹ̀rún kan (1,000) ọsàn ní oko, ní ₦60 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ₦60,000. Ó san ₦25,000 fún ẹrù, ₦16,000 fún ọkọ̀ tara rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀, ₦4,000 fún ọ̀bẹ àti ọ̀rá, àti ₦15,000 fún ààyè tó máa gbé àtẹ sí. Gbogbo owó tó ti jáde jẹ́ ₦120,000. Ká sọ pé ọgọ́rùn-ún ọsàn bàjẹ́ tàbí fọ́ lọ́nà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún (900) ló kù. Tó bá tà á ní ₦200, tó sì tà tán, ₦180,000 ló máa wọlé, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦60,000.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá yẹn ni òjò ṣì lè rọ̀. Bí òjò bá lé èrò wọlé, tó wá jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500) péré ló tà, ₦100,000 ló máa wọlé. Ó ti pàdánù ₦20,000, yàtọ̀ sí wàhálà ara. Èyí tó kù ńkọ́? Ibi tí ọgbọ́n òwò wà nìyẹn. Ẹni tó bá ti ní oníbàárà ní ọjà èso Kétu tẹ́lẹ̀ lè gbé ìyókù lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí èrè tiẹ̀ kéré. Ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbẹ́ títì ló máa da ọsàn sí.

Ọ̀rọ̀ ààyè náà tún gba àkíyèsí. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá dúró lẹ́nu géètì tó sọ pé òun ń gba owó ààyè lẹ sanwó fún. Ẹ béèrè ọ́fíìsì àwọn alákòóso, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ sì mọ̀ pé nígbà tí onígbọ̀wọ́ kan bá ti sanwó ńlá, wọ́n lè má fẹ́ kí ẹlòmíì ta irú ohun tó ń tà nínú ọgbà. Ọsàn bíbó ò lè bá oníbíà jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fún omi ọsàn sínú ìgò, kó lẹ orúkọ mọ́ ọn, kó máa tà á káàkiri, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà NAFDAC. Kò yẹ kẹ́ ẹ dúró di ọ̀la àjọ̀dún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

Ẹgbẹ́ olórin: orúkọ kì í ra epo

Àwọn olórin ńláńlá bíi King Sunny Adé, Hugh Masekela ọmọ South Africa, àti Aṣa ti gun ìtàgé Felabration rí. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ olórin kékeré kan ní Fìdítì tàbí Ìlọrà fi lè fò sókè tí wọ́n bá ní kó wá lu ìlù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbi àjọ̀dún ńlá kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwọn náà.

Ká ní èèyàn méjìlá ló wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún, wọ́n sì fẹ́ san ₦400,000 fún wọn. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà fún ọjọ́ méjì gba ₦150,000. Oúnjẹ èèyàn méjìlá, ní ₦4,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì, jẹ́ ₦96,000. Máníjà gba ìdá mẹ́wàá, ìyẹn ₦40,000. Awọ ìlù àti okùn gìtá tí wọ́n tún ṣe jẹ́ ₦30,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦316,000. Ohun tó kù jẹ́ ₦84,000, tí wọ́n bá sì pín in sọ́nà méjìlá, ₦7,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn, wọn ò sì tíì sanwó oorun. Bó bá wá jẹ́ pé ẹni tó pè wọ́n sọ pé òun ò ní owó, pé "orúkọ lẹ máa fi ibẹ̀ ní," à jẹ́ pé àwọn olórin yìí ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún àjọ̀dún.

A ò sọ pé kí wọ́n má lọ o. Ohun tí à ń sọ ni pé kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà. Ẹgbẹ́ olórin tó bá mú fídíò tó dáa bọ̀ láti orí ìtàgé ńlá, tó sì fi gba òde ìyàwó mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, ti jèrè. Èyí tó lọ láìsí ẹni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ètò, ti fi owó ṣòfò. Nítorí náà, kí wọ́n gba ìwé àdéhùn tó sọ iye owó, iye tí wọ́n máa san ṣáájú, ẹni tó máa gbé wọn lọ bọ̀, àti ẹni tó ni fídíò tí wọ́n bá yà.

Ẹ̀tọ́ orí orin náà tún wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ àtinúdá ti ọdún 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo orin olórin ní gbangba láti fi pawó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Àjọ tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ni orin wà, MCSN sì ni ọ̀kan tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2017. Olórin tí kò forúkọ orin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ irú àjọ bẹ́ẹ̀ lè má tètè rí owó náà gbà.

Owó àfilémọ́rí ti di ewu

Ìdí mìíràn tó fi yẹ kí olórin wa mú ọ̀rọ̀ owó àdéhùn ní dandan ni pé owó ojú agbo ò ṣeé gbójú lé mọ́. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ jùjú tàbí fújì lè gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pè é, nítorí ó mọ̀ pé àwọn tó wá jó máa fi owó lẹ iwájú orí òun. Ṣùgbọ́n abala kọkànlélógún (21) nínú òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lo òfin náà, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà láìsí àyè owó ìtanràn. Láti ìgbà náà làwọn olówó ti ń fura. Àwọn kan ti ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì olórin lórí fóònù, àwọn mìíràn ń fi owó sínú àpò ìwé lé e lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, inú àkáǹtì ọ̀gá nìkan ni gbogbo rẹ̀ máa wọ̀, ìjà onílù àti ọ̀gá á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣé a ò lè ṣe tiwa ni?

Kò dìgbà tí gbogbo wa bá dé Èkó. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́, àjọ UNESCO sì ti fi sínú àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò láti oṣù kejìlá ọdún 2023. Àlejò tó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá síbẹ̀ ń gba ọ̀nà tiwa kọjá. Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́ àti Akínmọ́rìn ò jìnnà síra wọn, onílù dùndún ò sì wọ́n láàárín wọn. Bí àwọn ọmọ ìlú, àwọn onímọ́tò àti ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sàn bá lè fẹnu kò, kí ìlú kan gba olórin lọ́jọ́ kan, kí òmíràn gbà á lọ́jọ́ kejì, ìyẹn náà ti di àjọ̀dún oníbùdó púpọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ẹni tó bá ń lọ sí Felabration lọ́dún yìí lè fi ṣe ilé ẹ̀kọ́. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má wo olórin nìkan. Ẹ wo ẹni tó gbé àtẹ sí ibi tí èrò ń gbà kọjá, ẹ béèrè iye tó san fún ààyè, ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ìtàgé, kẹ́ ẹ sì kọ iye tẹ́yin náà ná sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá padà délé, ìwé yẹn ló máa sọ fún yín bóyá kẹ́ ẹ tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀, àti bóyá kẹ́ ẹ gbé ọsàn dání.